Òwú Àlùkò Lórí Ìwé Orúkọ

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún aránṣọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba orí èékánná wọlé, ó yọ lódìkejì, kò sì mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Ìgbà tí aṣọ kọ̀ tí kò sún síwájú mọ́ ló tó wolẹ̀. Aṣọ ìyàwó ni, funfun báláú, ẹ̀jẹ̀ sì ti tàn sí i láyà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Ó wo ìka náà bí ẹni ń wo ìka oníbàárà. Ó yí ẹ̀rọ sẹ́yìn, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ya àkísà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wé e. Kò pariwo. Kò rí ohun tí òun ìbá pariwo sí.

"Ẹ ti gún ọwọ́, Màámi." Ọmọbìnrin rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjàgbé lọ sọ́nà jíjìn, ìdí nìyẹn tó fi wá dúró ti ìyá rẹ̀.

"Mo ti rí i."

"Kò dùn yín ni?"

"Kò dùn mí."

"Ìpara yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o."

Ìpara ọ̀hún wà lórí tábìlì, nínú agolo kékeré aláwọ̀ ewé. Ẹni tó gbé e wá ni wọ́n ń pè ní Dáyámọ́ńdì. Òun àti aránṣọ ti jọ sùn lórí ẹní kan náà fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́wọ́ òsì kan, obìnrin tí rúlà rẹ̀ kì í jìnnà sí ọrùn ọwọ́ èèyàn. Dáyámọ́ńdì kò fara mọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ó bá òwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, òwò mú-èèyàn-wá-kí-n-gbé-ọ-ga. Ó gòkè níbẹ̀ láti ipò dé ipò títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dáyámọ́ńdì, láti ìgbà náà kò sì jẹ́ orúkọ mìíràn mọ́. Bí o bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì lò ń pè.

Ká má purọ́ mọ́ òwò náà. Àwọn kan ti ibẹ̀ kọ́lé. Obìnrin kan ní òpópónà kejì ti ibẹ̀ rí ọ̀wọ̀ tí kò rí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí àwọn ẹbí wọn ń paná tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ìpara ọwọ́ Dáyámọ́ńdì yìí, iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe náà ló ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ọwọ́ tó ti ń ro aránṣọ láti ọdún méjìlélógún dákẹ́.

Ó dákẹ́ ni. Kò sàn.

"Kọ ogún orúkọ," ni Dáyámọ́ńdì sọ fún un lọ́jọ́ tó mú un wọlé. "Bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó o fẹ́ràn jù láyé."

"Kí ló dé tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí mo kórìíra? Wọ́n pọ̀, gbogbo wọn ló sì nílò ìpara."

"Ẹnu rẹ yìí mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ lọ. Ẹni tó o fẹ́ràn jù, ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹni tìẹ kò bá gbà ọ́ gbọ́, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ sórí ìlà kìíní, ó bu ọwọ́ lu ìwé nísàlẹ̀. Dáyámọ́ńdì pa ìwé náà pọ̀, ó wá na ọwọ́ sí àpótí òwú.

"Fún mi lówùú díẹ̀. Bọ́tìnnì mi fẹ́ já."

Òwú àlùkò ló mú. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọ̀ ọsàn ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn èyí ni ẹ̀fọn kò ti bà lé aránṣọ mọ́. Wọ́n á fò dé apá rẹ̀, wọ́n á rababa níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì yà kúrò, àfi bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó rí i pé ilé ti ṣófo.

*

Dáyámọ́ńdì bọ́ bàtà rẹ̀ nínú ọ́fíìsì tó wà lókè gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, ó gbọ̀n ọ́n, òkúta wẹ́wẹ́ kan já bọ́ sórí tábìlì. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni òkúta yìí ti ń gún un lẹ́sẹ̀. Ó gún un, ó sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fi ojú mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fi ara mọ̀. Ó ti gbọ́wọ́ lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná rí, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún un. Lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ilé ìwé dé tó dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, inú dígí ara ògiri ló ti rí i pé ẹnì kan di òun mú. Ọmọ náà tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó ní àfi bí ẹni tó dì mọ́ òpó. Kò tún dì mọ́ ọn mọ́.

Òun náà ti kọ orúkọ rí. Òun náà ti bu ọwọ́ lu ìwé.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ìwé náà so rọ̀ níbẹ̀ bí àdán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé mọ́ agolo ìpara kan, wọ́n rán an pa, wọ́n sì kán ìda àbẹ́là sí orí òwú àti ìdí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú kò lè mọ ibi tí ìránṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ti aránṣọ wà níwájú. Ó fi ìka ra òwú àlùkò náà. Ó rí wúruwùru lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òwú máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Fóònù dún. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ ni. Kò rí ojú rẹ̀ rí, ohùn nìkan ló mọ̀, ohùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga.

"Báwo ni?"

"Òkúta gún mi lónìí, sà."

"Ó dára. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Oṣù ìbímọ rẹ̀ rèé."

"Ẹ̀mí méjì lórí ìlà kan. Bó bá bímọ tí kò mọ̀ pé òun bímọ, gbogbo ìmọ̀lára tìẹ á padà pé. Má tì kọ́bọ́ọ̀dù o."

"Mi ò tì í rí, sà."

"Ẹni tó bá fẹ́ tú u, jẹ́ kó wá tú u."

Kò sí ìdí láti tì í lóòótọ́. Onítáyà kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó ti wá tú tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ẹrù tí ẹnì kan ní kó bá òun dì mú, tí kò sì padà wá gbà.

Dáyámọ́ńdì bu tíì mu. Ó jó o láhọ́n. Ó tún bù ú mu.

*

"Màámi, ọmọ yìí kò tàpá mọ́."

Aránṣọ gbé ojú sókè láti orí ẹ̀rọ. "Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́rin. Mo rò pé ó sùn ni."

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan tútù ra ikùn ọmọbìnrin náà, ó gbé ẹ̀rọ lé e, ó yí tẹlifíṣọ̀n kékeré sọ́dọ̀ wọn. Ọmọ ń bẹ nínú ibẹ̀, ó ń tàpá bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́.

"Wò ó bó ṣe ń jó," ni nọ́ọ̀sì wí. "O ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

"Rárá."

"Èyí ńkọ́? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgúnpá gbá ọ báyìí."

Ọmọbìnrin náà wo ikùn ara rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ń ru, ó ń rọlẹ̀. "Àfi bíi pé mò ń wo tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò láti ojú fèrèsé," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Bó bá rọbí tí kò mọ̀, kí wọ́n sáré gbé e wá. Bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ̀, kò sọ ìyẹn.

Ọmọbìnrin náà kò fi ọwọ́ kan ìpara yẹn rí. Aránṣọ ń rò ó bí wọ́n ṣe ń padà sílé. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun. Ó mọ ibi tí ẹ̀rù máa ń wà nínú ara òun, ó wo ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n jókòó lójúde nírọ̀lẹ́, ẹ̀fọn rọ́ wá. Wọ́n rababa lókè ikùn ọmọ rẹ̀, wọ́n yà kúrò.

*

Ìyá alágbàfọ̀ tí aránṣọ gbé aṣọ ìyàwó náà fún ló gbé e padà wá. Arúgbó ni, ọṣẹ ti bó àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Àwọn kan ládùúgbò kì í jẹ́ kó fọ aṣọ wọn. Wọ́n ní kì í fọ aṣọ lásán, ó máa ń ka aṣọ.

Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ibi yòókù lọ.

"Ta ló ni ẹ̀jẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìrora kò sí nínú ẹ̀. Omi tútù lásán ló gbé e lọ, kò tiẹ̀ bá mi jà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dun èèyàn máa ń di aṣọ mú." Ó wo agolo aláwọ̀ ewé náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ṣé o bu ọwọ́ lu ìwé?"

"Mo bu ọwọ́ lù ú."

"Òwú ta ni wọ́n fi rán an?"

Aránṣọ wo àpótí òwú. "Tèmi."

"Ta ló wà lórí ìlà kìíní?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni gbé e lé orí tábìlì.

"Háà," ni ìyá alágbàfọ̀ wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó jókòó. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú èérún búlúù kan jáde, búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó ti gbó, ó ti le bí eyín. "Fi èyí sábẹ́ ahọ́n. Má sọ̀rọ̀, má sì gbé e mì títí tí o fi máa ṣe tán. Ìránṣọ ẹlẹ́wọ̀n, tí ojú òwú kan ń há sínú èkejì bí ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n fi ń rán ìwé yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù òkè gbọ̀ngàn ìpàdé wọn ni wọ́n sì ń gbé e kọ́ sí. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Bí a bá fa ibi tó parí sí, gbogbo ẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bí o bá fa ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Á fún."

"Á fún mọ́ ẹni tó wà nínú ẹ̀ títí ayé. Ọ̀tún ni ẹ̀yin aránṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀, òsì lẹ ń parí sí. Ti òsì fà á."

"Kí ni n ó fún yín, Ìyá? Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ kí n mú èèyàn méjì wá?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín láìṣí ẹnu. "Aláṣejù. Tèmi kò fẹ́ èrò. O kò gbọdọ̀ fẹnu sọ ọ́ ni tèmi. Ohun tí o mọ̀ nípa ìpara yẹn, ohun tí o tú, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kì báà jẹ́ ọmọ rẹ. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́, òwú á tún ara ẹ̀ rán."

"Ọwọ́ tèmi ńkọ́?"

"Wọ́n kàn kọ orúkọ ọmọ rẹ ni, àbàwọ́n nìyẹn, á ṣí. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ ra tìẹ mọ́ra lójoojúmọ́." Ó dìde, ó gbọ̀n ìró rẹ̀. "Awọ rẹ nìyẹn báyìí. Mi ò lè fọ̀ ọ́."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún. Dáyámọ́ńdì dúró lórí pèpéle, ó di máìkì mú, ó sì ń mọ bí irin rẹ̀ ṣe tutù. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó bá wọn pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ta á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dá àtẹ́wọ́ náà dúró.

"Ta ló ní ìrora nínú yín?" ló bi wọ́n.

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.

Aránṣọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Búlúù wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó ń korò, kíkorò náà sì ni ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ lára láti oṣù mẹ́ta. Ó kọjá lára onítáyà. Onítáyà kò gbójú sókè. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí sílẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀. Ó já ìwé olówùú àlùkò bọ́.

Ó fi ìka wá ojú ìránṣọ náà. Ìka rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Ìka tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí ó bá dijú, á mọ ẹ̀yìn aṣọ yàtọ̀ sí ojú aṣọ. Ìda wà lápá ọ̀tún, ìda wà lápá òsì, ọgbọọgba.

Ti òsì fà á.

Ó gbé e sẹ́nu, ó fi eyín kó ìda apá òsì kúrò, ó ti fi eyín di ìdí òwú náà mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dá a dúró kì í ṣe ẹ̀rù. Rúlà ni. Ó rántí rúlà ọ̀gá wọn tó ń bọ̀ lórí ọrùn ọwọ́, pá, àti ohùn obìnrin náà: mi ò mọ ti ọ̀tún, ẹni tó bá jókòó níwájú mi, bí mo ṣe ń rán ni kó máa rán. Òun àti Dáyámọ́ńdì, ọdún mẹ́ta gbáko, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n gbòmìnira, òun padà sí bí ayé ṣe ń rán an, torí ó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n Dáyámọ́ńdì kò ránṣọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò rí ìdí láti yí ọwọ́ padà.

Tí òun bá ṣì í, ọmọ òun á wo ọmọ tirẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò títí yóò fi kú.

Ó tú òwú òsì sílẹ̀ lẹ́nu. Ó yí ìwé náà. Ó fi eyín fọ́ ìda apá ọ̀tún, ó fi eyín di òwú náà mú, ó fà.

Ó tú. Ó tú ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀ bí òjò orí páànù, láti ìkángun dé ìkángun, òwú àlùkò ká jọ sí àyà rẹ̀, agolo já bọ́, ìwé náà ṣí.

Nísàlẹ̀, ohùn Dáyámọ́ńdì ń bọ̀ lọ́wọ́: "Mo fẹ́ kí ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wò ó dáadáa..." Nǹkan kan ró gbàù nínú ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn mọ́. Àwọn tó wà níwájú sọ pé máìkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ ọ́ sínú ìkúùkù lásán, títí ẹnì kan fi nawọ́ sí ilẹ̀.

Bí aránṣọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, onítáyà sọ̀rọ̀. Kò wò ó.

"Òsì ni èmi ti fà á," ló wí.

Aránṣọ dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó gbé e mì pọ̀ mọ́ itọ́ búlúù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

*

Igbe ọmọ rẹ̀ ló pàdé rẹ̀ ní ìkóríta. Igbe náà gba orí ilé mẹ́rin kọjá, igbe ẹni tí ara rẹ̀ ń ya. Àwọn aládùúgbò ti jáde. Ẹnì kan ń wá mọ́tò.

"Màámi! Ó ń dùn mí! Ó ń dùn mí o!"

"Ó dára," ni aránṣọ wí, ó sì gbá a lápá mú. "Ké e dáadáa. Má pa á mọ́ra."

Ilé ìwòsàn ni fóònù rẹ̀ ti dún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ìbímọ.

"Ọ̀tún lo ti fà á," ni Dáyámọ́ńdì wí.

"Ọ̀tún ni."

"Ọ̀gá wa."

"Òun ni."

"Mo kàn gbàgbé pé ìwọ náà jókòó níwájú ẹ̀," ni Dáyámọ́ńdì wí. Lẹ́yìn náà: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbóná." Ó pa fóònù.

*

Ọmọkùnrin ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e lé aránṣọ lọ́wọ́. Ó wo ọmọ náà. Ó tún wo apá ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun dì í mú dáadáa, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gbà á. Ọmọ náà fi gbogbo ìka di ìka rẹ̀ mú. Ó rí i.

Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro láti ìgbà tó ti bímọ, ń bá ọmọbìnrin aránṣọ tàkúrọ̀sọ.

"O ní o kò mọ oyún rẹ lára rárá?"

"Rárá o. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Àárọ̀ àná ni mo mú lára ìpara Màámi, mo fi ra ikùn. Kò pé wákàtí méjì tí gbogbo ẹ̀ padà. Ṣé ẹ rí ìpara yẹn, wọ́n lè bú àwọn tó ń tà á títí, ó ń ṣiṣẹ́." Ó ti mú agolo aláwọ̀ ewé náà jáde nínú báàgì. "Ọ̀rẹ́ Màámi ló ń tà á. Ẹ̀yin náà lè máa tà á. Ẹ máa kàn kọ orúkọ ni."

"Jọ̀ọ́, pe nọ́ńbà ẹ̀ fún mi." Obìnrin náà ti ṣí ìdérí bíírò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ọmọ tirẹ̀ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ ẹni tí n ó fi ṣáájú."

"Màámi, nọ́ńbà wọn."

Aránṣọ la ẹnu. Ó pa á dé.

Ó fa tábìlì kékeré sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Ó mú fíláàsì omi gbígbóná, ó ṣí i, ooru rú jáde. Ó gba agolo ìpara lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, níbi tí wọ́n á ti rí i. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà lé e lórí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi fún òdòdó. Awọ ọwọ́ náà pọ́n. Ó wú. Kò yé dà á. Gbogbo ìgbà tó ń dà á, ojú obìnrin náà ló ń wò, ojú tirẹ̀ sì rọlẹ̀, àfi bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́.

Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì dé bíírò rẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó yíjú sí ògiri. Ọmọbìnrin aránṣọ na ọwọ́, ó mú agolo náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sunkún. Kò béèrè nǹkan kan.

Aránṣọ wo iye omi tó kù nínú fíláàsì. Ó dé e pa kó má baà tutù, torí wọ́n ṣì máa fi wẹ ọmọ.